Bí a ṣe ń fún psql ní páásíwọ́ọ̀dù láìfi han gbogbo ayé

psql ni irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí dátábéèsì PostgreSQL. Ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù mọ́ àṣẹ. Ẹni tó bá tẹ `psql "postgresql://oja:Asiri7@10.0.0.5/tita"` ti tú àṣírí síbi méjì: ó ti wọ `~/.bash_history` (history, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀), àwọn tí ẹ jọ ń lo sáfà sì lè fi `ps aux`, tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, wò ó nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. `PGPASSWORD` (fáríábù ayíká tí psql lè ka páásíwọ́ọ̀dù nínú rẹ̀) náà kò ṣeé fọkàn tán, torí lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, `ps` a máa gbé e síta.

Bí ẹ bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí psql bi yín, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a dá fún un) ń ṣe lóru, bíi bákọ́ọ̀pù, ló nílò `~/.pgpass`, fáìlì tí psql ti ń ka páásíwọ́ọ̀dù:

`touch ~/.pgpass`
`chmod 600 ~/.pgpass`
`nano ~/.pgpass`

Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó kó ẹrù sílé: `chmod 600`, tó ń jẹ́ kí ẹ̀yin nìkan lè ka fáìlì náà kí ẹ sì kọ nǹkan sí i, ni kó ṣáájú. Ẹ má lo `echo`, ìyẹn tún máa wọ history. Ìlà kan péré ló tó, sáfà, pọ́ọ̀tù, dátábéèsì, orúkọ aṣàmúlò àti páásíwọ́ọ̀dù ní títẹ̀lé ara wọn:

`10.0.0.5:5432:tita:oja:Asiri7`

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹlòmíì bá lè ka fáìlì yìí, psql á kìlọ̀, á pa fáìlì náà tì, á wá máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Cron kò lẹ́ni tó máa dá a lóhùn, bákọ́ọ̀pù á kùnà, àwọn èèyàn á wá máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tí kò ṣẹ̀. `ls -l ~/.pgpass` ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. `-rw-------` ló gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀.

Bí `:` tàbí `\` bá wà nínú páásíwọ́ọ̀dù, ẹ fi `\` ṣáájú rẹ̀: `As:iri` á di `As\:iri`. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ni psql ń mú, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìlà oní-`*` (tó ń bá ohunkóhun mu) ń gbé. Bí ẹ bá kọ 10.0.0.5 sínú fáìlì, tí ẹ wá fi orúkọ sáfà pè é, kò ní bá a mu. Ilé ẹni tó ni cron náà sì ni psql máa wò: bí root bá ló ni ín, `/root/.pgpass` ni, kì í ṣe tiyín.

Ẹ fi èyí dán an wò:

`psql -w -h 10.0.0.5 -U oja tita -c 'select 1'`

`-w` kì í jẹ́ kó béèrè ohunkóhun, nítorí náà bí àṣìṣe bá wà, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀. Ẹ fi `-w` kan náà sára `pg_dump`, tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù, nínú cron.

Páásíwọ́ọ̀dù tó bá ti wọ history kò ṣeé lò mọ́, kódà bí ẹ bá pa ìlà náà rẹ́. Ẹ wọ psql, ẹ tẹ `\password oja` láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹra fún `ALTER USER`: ó ń wọ `~/.psql_history`, ó sì lè wọ lọ́ọ̀gì sáfà.