Lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ gba franchise yín ní California? Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí kẹ́ ẹ tó fèsì

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ra franchise (ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ àti ètò ilé iṣẹ́ míì ṣòwò) ní California, ì báà jẹ́ ti oúnjẹ àbí ti ìtọ́jú àgbàlagbà nílé, tí lẹ́tà bá dé látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó tà á fún yín pé wọ́n fẹ́ fòpin sí àgírímẹ́ǹtì yín, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀sùn tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí ẹ̀sùn yẹn ló máa sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ ò tẹ̀ lé àdéhùn: ẹ lọ ra ọjà lọ́dọ̀ ẹni tí wọn ò fọwọ́ sí, ṣọ́ọ̀bù ò rí bí wọ́n ṣe ní kó rí, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì náà tàbí ẹ sọ ọ́ dọ̀tun láti January 1, 2016, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 60 ó kéré tán láti fi tún un ṣe, kò sì ní kọjá 75 àfi tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí i. Ẹ̀sùn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan gidi o, "iṣẹ́ yín ò wù wá mọ́" ò tó lójú òfin.

Àmọ́ ọjọ́ 60 yẹn ò wà fún gbogbo nǹkan, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Owó royalty, ìyẹn owó tẹ́ ẹ máa ń san fún wọn látìgbàdégbà, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, torí orí owó tó wọlé ni wọ́n sábà máa ń ṣírò ẹ̀, kò kàn wọ́n bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ ò jèrè. Tí wọ́n bá ti kọ̀wé pé ẹ jẹ owó, tí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tẹ́ ẹ ò tíì san án, wọ́n lè gba franchise náà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ léra náà ni tẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó fi hàn pé ẹ ti pa á tì. Iná, omíyalé, ilẹ̀ tó mì tìtì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí apá yín ò ká, òfin gbà wọ́n ní àwíjàre, ṣùgbọ́n òkú ìyá yín tẹ́ ẹ wá sin ní Ìjẹ̀bú, òfin ò dárúkọ ẹ̀, torí náà ẹ wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Tó bá jẹ́ òfin ìjọba lẹ rú, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Tí nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe bá lè pa oníbàárà lára, kò sí ọjọ́ kankan. Lára àwọn tó kù ni: kẹ́ ẹ wọ gbèsè débi tẹ́ ẹ lọ kéde ẹ̀ ní kóòtù, kẹ́ ẹ purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ ba orúkọ wọn jẹ́, kí wọ́n dá yín lẹ́bi ọ̀ràn tó kan iṣẹ́ náà, tàbí kẹ́ ẹ tún ẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán kẹ́ ẹ tún padà sídìí ẹ̀.

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ìdí àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì fi lé yín lọ́wọ́ tàbí kó gba pósítì tí ẹni tó gbà á máa ń sáìnì sí. Pípè lórí fóònù nìkan ò tó. Síbẹ̀ ẹ má dúró ti ìyẹn, ẹ tún nǹkan náà ṣe, ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ fèsì lórí ìwé. Lọ́yà tó mọ franchise ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe èyí tó bá yín ṣe green card.

Tí wọ́n bá sì ti gbà á lóòótọ́, ẹ yọ sáìnbọ́ọ̀dù wọn kíá. McDonald's gbé ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Florida lọ sí kóòtù lórí irú ẹ̀, lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi léraléra nínú àyẹ̀wò ìmọ́tótó oúnjẹ, ẹni náà ní nǹkan míì ló wà lọ́kàn wọn, àmọ́ ní 1998 kóòtù àpílì ní tí wọ́n bá ti ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, ohun tó wà lọ́kàn wọn ò kan òun.

Ní California, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n gbọ́dọ̀ ra ọjà àti ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rà lọ́dọ̀ wọn padà, iye tẹ́ ẹ rà á ni wọ́n á san, wọ́n á yọ owó ogbó (iye tí nǹkan náà ti fi dín kù torí lílò) kúrò. Tí wọ́n bá gbà á lọ́nà tí kò bófin mu, iye tí gbogbo iṣẹ́ náà tó lọ́jà lẹ lè béèrè. Tí wọ́n bá sì ní ẹ ti sáìnì pé ẹ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, òfin ò ka sáìnì yẹn sí.