Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Ìwọ̀n Ehoro Inú Ilé

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran lágbègbè wa tó sì béèrè oúnjẹ ehoro, èyí tí wọ́n pò kí ehoro lè tètè tóbi tó pípa ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un. Èyí kò burú fún ẹni tó ń sìn ín fún ọbẹ̀, nítorí oṣù mélòó kan péré ni irú ehoro bẹ́ẹ̀ ń lò láyé. Ehoro tí a ń sìn nínú ilé nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀ lè lo ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì jẹ́ oúnjẹ ìsanra ló ń jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àìsàn ni yóò fi kó.

Abo funfun kan ni tèmi. Kílò 2.5 ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó dàgbà tán, ṣùgbọ́n kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ti di kílò 3.2 láìjẹ́ pé mo fura, torí irun ń bo ara mọ́lẹ̀. Ohun tó ta mí lólobó ni ìgbẹ́ rírọ̀ tí mo rí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń yà: èyí tó le tó rí roboto, àti èyí tó rọ̀ tó sì so pọ̀ bí ìdì èso àjàrà kéékèèké, tí ehoro máa ń fi ẹnu gbà láti ìdí ara rẹ̀ tí yóò sì gbé e mì, nítorí ohun aṣaralóore tó ṣì kù nínú rẹ̀. Ehoro tó sanra jù kì í lè tẹ ara débẹ̀ mọ́. Èyí tí kò bá rí jẹ yóò lẹ̀ mọ́ irun, eṣinṣin yóò yé sí i, ìdin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran náà láàyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá ara máa ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn.

Kí ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó lè gbé kílò márùn-ún ti tó. Ẹ wọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo, kí ẹ wá gbé ehoro sínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ kúrò. Ẹ máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àkókò kan náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí iye kan tó bá gbogbo ehoro mu, nítorí irú ehoro tí wọ́n ń pè ní Netherland Dwarf kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan lọ, nígbà tí irú tí wọ́n ń pè ní New Zealand White lè tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ gbára lé. Ẹ fi ìka pa egungun ìhà rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀: bó bá rí bí ìgbà tí ẹ ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ó dára, bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ ẹran kí ẹ tó kan egungun, ó ti sanra jù. Ẹ má ṣe ka awọ rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ àgbọ̀n abo sí àmì pé ó sanra jù. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Koríko ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oúnjẹ rẹ̀, ó kéré tán. Ìtì koríko gbígbẹ tó tóbi tó ara ehoro náà ni kó máa wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú, nítorí eyín ehoro kì í dẹ́kun dídàgbà, jíjẹ koríko ló sì ń pọ́n ọn. Èmi máa ń gé eèsún nígbà tó ṣì tutù, màá sá a síbi tí òjò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi máa ró bí bébà. Èyí tó bá ti bu, mo ń dà á nù. Ẹ̀kúnwọ́ ewé yúnyún tàbí ewé ànàmọ́ lójúmọ́ dára pẹ̀lú. Igi ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn olówò àgbò ń tà yẹ ehoro tó ń dàgbà tàbí èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ó lágbára jù fún èyí tí a fẹ́ kó fọn. Oúnjẹ adìyẹ ní tirẹ̀ kò yẹ rárá, torí wọ́n máa ń po oògùn tó lè pa ehoro mọ́ òmíràn.

Oúnjẹ oníkóró inú àpò kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 25 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kó padà sí sì ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tó wà báyìí. Mo wọn tèmi lẹ́ẹ̀kan sínú agolo mílíkì, mo sì fi bírò fa ìlà síbi tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fún un lóunjẹ má baà fojú bù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín in kù, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ti ìpápánu ló le jù. Àyẹ̀wò mi kò tíì parí tí mo fi rí i pé màmá mi, tó wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, máa ń di búrẹ́dì sétí ìró wọn, wọ́n á sì máa yọ ọ́ fún un lálaalẹ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé ebi lẹ fẹ́ kó pa á ni?" Mo fi ìdì yúnyún rọ́pò búrẹ́dì náà fún wọn, ọ̀rọ̀ sì tán. Búrẹ́dì, bísíkíìtì àti àgbàdo kò yẹ ehoro rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ju ègé bíńtín lọ, nítorí ṣúgà inú wọn.

Ní ti eré ìdárayá, àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ehoro máa ń yá, ooru ọ̀sán sì lè pa á. Ẹ tú u sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ gbé omi sí igun kan, koríko sí igun kejì, kí ẹ sì tú oúnjẹ oníkóró rẹ̀ ká sáàárín koríko kó lè máa wá a kiri. Páálí tí a lu ihò sí lápá méjì yóò di ibi ìsápamọ́ fún un. Bí ilé yín bá jẹ́ onítáìsì, ẹ tẹ́ ẹní, nítorí irun ló bo àtẹ́lẹsẹ̀ ehoro, ó máa ń yọ̀, èyí tó bá sì ń yọ̀ kì í fẹ́ sáré mọ́. Ẹ má ṣe lé e kiri pé ẹ fẹ́ kó fọn.

Gíráàmù 30 sí 60 lọ́sẹ̀ ni èyí tó wọn kílò mẹ́ta lè fọn láìséwu. Tèmi lo oṣù márùn-ún kó tó padà sí kílò 2.6. Ẹ má ṣe fi ebi pa á kí ó lè tètè fọn, torí ẹ̀dọ̀ ehoro tó sanra máa ń bàjẹ́ bí oúnjẹ bá dá lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá jẹun tí kò sì yàgbẹ́ fún wákàtí 12, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.