Bí a ṣe ń fọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí a sì ń ṣáná sí i lórí ilẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi, bíi Yamaha 40 tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀sà Èkó, kò ní rédíétọ̀. Omi tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ náà ló fi ń tu ara rẹ̀: á fà á láti ìsàlẹ̀, á gbé e yí ibi tó gbóná ká, á sì tú u dànù. Ohunkóhun tó bá wà nínú omi yẹn ló ń bá a wọlé, iyọ̀ ló sì burú jù. Tí a bá pa ẹ́ńjìnnì tí a gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á kù. Á máa jẹ alumíníọ́mù, á máa dí ọ̀nà omi díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná jù, tí á nọ́ọ̀kì láàárín omi pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀.

Ẹni tó ń jáde sí òkun láti Ìlàjẹ tàbí Bàdágìrì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá iyọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀sà Èkó yàtọ̀ díẹ̀: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń gba ẹnu èbúté wọlé, ọ̀sà á sì níyọ̀, nígbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á tì í padà. Lọ́nà Ẹ̀pẹ́, omi aláìníyọ̀ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn wà níbẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù.

Róbà tó wà nínú páńpù

Ohun tó ń bàjẹ́ jù nígbà tí wọ́n bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ nìyí, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lókè pùròpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ) díẹ̀, ẹ ó rí ojú asẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Páńpù tó ń fà á wà nínú ẹsẹ̀ náà, róbà kan tó ní ìyẹ́ bíi mélòó kan ló sì wà nínú páńpù. Ọ̀pá tó ń yí jíà ló ń yí róbà yìí, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ì báà wà ní fírì, róbà ń yí. Omi tó ń fà náà ló ń dúró fún un bí ọ́ìlì. Láìsí omi, ìyẹ́ rẹ̀ á máa ha ara irin gbígbẹ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n ṣáná sí i ní gbígbẹ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi wá.

Nítorí náà, omi ni kó kọ́kọ́ wọlé kí ẹ tó ṣáná. Nígbà tí ẹ bá sì parí, ẹ́ńjìnnì ni kó kọ́kọ́ kú kí ẹ tó ti omi.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín ẹ́ńjìnnì inú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbọ́ òórùn kankan. Ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tàbí mọ́ pákó tó nípọn, tí kò lè yẹ̀, kí ẹ sì mú un ga lóòró. Ẹ fi sí fírì. Ẹ yọ pùròpẹ́là: ẹ fa píìnì rẹ̀ yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì tò wọ́ṣà àti bọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ lé ara wọn, torí wọ́ṣà tó bá padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè ba ojú jíà jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, píìnì tuntun ni kí ẹ lò.

Ẹ tọ́ omi tí ẹ fẹ́ lò wò lẹ́nu. Kànga etí òkun máa ń níyọ̀ nígbà mìíràn, omi iyọ̀ kò sì lè fọ iyọ̀. Omi òjò dára púpọ̀.

Epo inú kẹ́ẹ̀gì náà ṣe pàtàkì. Ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ mu bẹntiróòlù lásán, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ìwé rẹ̀ bá sọ 50:1, ìdajì lítà ọ́ìlì ló wà fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25.

Pẹ̀lú ọ́ọ̀sì àti mọ́ọ̀fù

Mọ́ọ̀fù ni róbà méjì tó jin bí abọ́ kékeré, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀, tí ojú ọ́ọ̀sì sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ti irin náà gba iwájú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí róbà kọ̀ọ̀kan bo ojú asẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí ihò omi mìíràn ní iwájú ẹsẹ̀, ẹ fi téèpù dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ ni páńpù á máa fà níbẹ̀.

Ẹ ṣí omi. Tí omi bá ń ta díẹ̀ ní etí róbà, kò burú. Ó túmọ̀ sí pé omi tó wà níbẹ̀ ju èyí tí páńpù nílò lọ. Tí ọ́ọ̀sì bá ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ra nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, omi kò tó, ẹ pa á kíá. Omi láti táńkì orí òkè máa ń tó bí ọ́ọ̀sì kò bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ẹ wá ṣáná sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún, omi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ jáde láti ihò kékeré tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá jáde, ẹ pa á. Tó bá ń jáde, ẹ fi ọwọ́ kàn án: tútù ló máa kọ́kọ́ jẹ́, á sì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fún un ní iná rárá: ẹ́ńjìnnì tí kò ru ẹrù á sáré kọjá ààlà, mọ́ọ̀fù náà kò sì lè pèsè omi tó tó. Ìdí tí a fi ń dúró tó bẹ́ẹ̀ ni tẹ́mósítáàtì. Ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń ti ọ̀nà omi pa títí ara ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 60 Sẹ́líṣíọ̀ọ̀sì lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ìsàlẹ̀ nìkan lẹ fọ̀; iyọ̀ ṣì wà lókè, níbi tó gbóná jù. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹ́mósítáàtì sọnù kí omi lè máa lọ fàlàlà. A kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó kì í jo epo rẹ̀ tán, á sì máa ba púlọ́ọ̀gì jẹ́.

Pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù

Níbi tí kò sí ẹ̀rọ omi, dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí a gé orí rẹ̀ kúrò dára gan-an. Ẹ rí i pé kẹ́míkà kankan kò kù nínú rẹ̀. Ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì bu omi kún un títí omi á fi bo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là, kó tún fi bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ga jù ú lọ. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, omi á máa ta jáde, nítorí náà ẹ máa wo ibi tó dé, kí ẹ sì máa bu sí i.

Èéfín inú omi náà ló ń gbà jáde, omi á dúdú, á yọ ọ́ìlì, á sì máa gbóná. Ẹ pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da omi nù, ẹ bu òmíràn, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi àkọ́kọ́ ló kó iyọ̀ púpọ̀ jáde. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, omi iyọ̀ náà lẹ tún ń fún ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà tàbí sí itòsí kànga.

Ẹnu ọ́ọ̀sì tó wà lára ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ní ẹnu ọ́ọ̀sì lára. Ẹ so ọ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ ṣí omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má sì ṣáná, àyàfi tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá gbà á. Òkè páńpù ni omi yìí ń gbà wọlé, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ara róbà tó wà nísàlẹ̀. Kí ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná láti ojú omi.

Tí omi kò bá tọ̀ jáde

Ihò kékeré ẹ̀yìn tí omi ń gbà tọ̀ jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ki okùn ìpẹja tó nípọn bọ inú rẹ̀. Kòkòrò máa ń fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá mọ́ọ̀fù ti yẹ̀, tàbí ọ̀rá ló bo ojú asẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, róbà páńpù ló kù. Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ka ìyẹ́ tó kù lára ti àtijọ́. Èyí tó bá ti já ti gòkè lọ dí ọ̀nà omi, ẹ gbọ́dọ̀ wá a rí. Nígbà tí ẹ bá ń ki tuntun bọ inú ilé rẹ̀, ẹ fi gírísì pa á, ẹ máa yí ọ̀pá sí apá ibi tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí kí ìyẹ́ rẹ̀ lè tẹ̀ síbi tó yẹ, ẹ má sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó so ó mọ́ ọ̀pá. Láìsí i, ọ̀pá á máa yí, róbà á dúró sójú kan.

Omi tó ń tọ̀ dáadáa fi hàn pé páńpù ń ṣiṣẹ́. Kò fi hàn pé gbogbo ọ̀nà inú ẹ́ńjìnnì ló mọ́. Tó bá ń tọ̀ ṣùgbọ́n tí ooru bí ti omi híhó ń bá a jáde, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù.

Bí ẹ ṣe máa gbé e pamọ́

Tí kò bá ní ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ ọ́ọ̀sì epo nígbà tí omi ṣì ń wọlé, kí ẹ́ńjìnnì oníkàbúrétọ̀ mu èyí tó kù kó sì kú fúnra rẹ̀. Epo tó bá dúró nínú kàbúrétọ̀ á di gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ẹ ti omi, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lóòró títí omi inú rẹ̀ á fi ṣàn tán. Ẹni tó bá gbé e sùn tàbí tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ju orí lọ lè jẹ́ kí omi gba ọ̀nà èéfín wọ inú sílíńdà.

Ẹ wo ọ́ìlì jíà náà. Ẹ tú sikírúù ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí ó kán sí yín lọ́wọ́. Tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀: ẹ pààrọ̀ síìlì ọ̀pá pùròpẹ́là, èyí tí okùn ìpẹja máa ń gé nígbà tó bá wé mọ́ ọn, kí ẹ sì rọ ọ́ìlì tuntun láti ihò ìsàlẹ̀ títí yóò fi máa yọ ní ihò òkè.