Interrupt kọ̀, kò dáhùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí int 21h, int 0x80 àti syscall

int 21h ni prógíráàmù fi ń bẹ DOS, ètò tó ń darí PC àtijọ́, pé kó ṣiṣẹ́ fún òun; int 0x80 àti syscall ló fi ń bẹ kernel, ọkàn Linux. NASM, tó ń sọ kóòdù assembly di báìtì tí CPU lè ṣe, ni mo fi kọ gbogbo kóòdù tó wà nísàlẹ̀ yìí, Linux 64-bit ni mo sì ní lọ́kàn, àfi níbi tí mo bá ti dárúkọ DOS.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. 8086, CPU 16-bit àtijọ́ ti Intel, ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Mo da kóòdù inú nóòtì kọ sórí Linux mi nílé. NASM gbà á, ld tó ń so faìlì pọ̀ náà gbà á, àmọ́ bí mo bá ti ní kó ṣiṣẹ́ báyìí, "Segmentation fault" ló ń sọ. Mo ti yẹ mẹ́mórì wò títí, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í.

    mov ah, 02h
    mov dl, 'A'
    int 21h

Ìdáhùn: Ẹ fi mẹ́mórì sílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Kóòdù DOS lẹ kọ, Linux lẹ sì gbé e fún.

AH àti DL jẹ́ rẹ́jísítà, àpò kékeré inú CPU tí a ń kó iye sí; nọ́ńbà iṣẹ́ tí a fẹ́ kí DOS ṣe ló wà nínú AH. int fúnra rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà. Báìtì méjì péré ni NASM sọ ọ́ dà, CD 21, ìdí nìyẹn tí kò fi janpata. Lórí 8086, bí CPU bá dé ibẹ̀, yóò fi 4 sọ 21h di púpọ̀, èyí tó jẹ́ 84h, yóò lọ ka adírẹ́sì tó wà níbẹ̀ nínú mẹ́mórì, yóò sì fò lọ síbi tí adírẹ́sì náà júwe. DOS ló ti kọ adírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tan. Nọ́ńbà 256 ló wà bẹ́ẹ̀, báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì jókòó sínú báìtì 1024 àkọ́kọ́ nínú mẹ́mórì.

Lábẹ́ Linux, kernel ló ni tábìlì yẹn, nọ́ńbà díẹ̀ ló sì ṣí sílẹ̀ fún prógíráàmù tiwa. 0x80 wà lára wọn, 21h kò sí níbẹ̀. CPU á kọ̀, á fẹjọ́ yín sun kernel, kernel á sì fi SIGSEGV pa prógíráàmù yín, àmì kan náà tó máa ń fi pa ẹni tó fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ àṣìṣe yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Ẹ rántí ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀ fún yíyẹ owó wò: bí ẹ bá tẹ kóòdù ti ẹlòmíì, ẹ ò ní rí owó yín, owó yín kò sì sọnù.

Bí iṣẹ́ kíláàsì lẹ fẹ́ ṣe, ẹ wá DOSBox tàbí emu8086, tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ máa lo int 21h yín níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ gbé faìlì .COM náà (prógíráàmù DOS) sórí Windows 64-bit, kò ní gbà á, torí Windows 64-bit kò gbé apá tó ń bójú tó prógíráàmù 16-bit wá rárá. Bí Linux lẹ sì fẹ́, bó ṣe máa rí nìyí:

    section .data
    oro:    db "Ẹ káàárọ̀", 10
    gigun:  equ $ - oro

    section .text
    global _start
    _start:
        mov eax, 1          ; write
        mov edi, 1          ; ojú kọ̀ǹpútà
        lea rsi, [rel oro]
        mov edx, gigun
        syscall
        mov eax, 60         ; exit
        xor edi, edi
        syscall

Mi ò lòdì sí kíkọ́ni pẹ̀lú 8086, ó rọrùn láti lóye. Ohun tó ń bí mi nínú ni nóòtì tí kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé DOS ló ni 21h, tó kàn pè é ní "assembly" bíi pé ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Nínú DOSBox ni tèmi wà. Mo fi AH=09h kọ orúkọ mi, ó yọ dáadáa, àmọ́ ìdọ̀tí oríṣiríṣi tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà tún ń pariwo.

Ìdáhùn: Ẹ gbàgbé '$'. Iṣẹ́ 09h kò bi yín léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, láti adírẹ́sì tó wà nínú rẹ́jísítà DS:DX ni yóò ti máa kọ títí tó fi máa rí '$'. Ariwo yẹn ni báìtì 7 tó bá pàdé lọ́nà. Bó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ yọ, tí orúkọ yín kò jáde rárá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: bó bá jẹ́ .COM, ẹ wò ó bóyá `org 100h` wà lókè. Bó bá jẹ́.EXE, ẹ gbé apá dátà sínú DS fúnra yín, torí kò sí níbẹ̀ nígbà tí prógíráàmù bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ iye owó dọ́là jáde ńkọ́? 09h kò lè ṣe é, ibi àmì dọ́là gan-an ló ti máa dúró. AH=40h lẹ máa lò, ẹ fi 1 sínú BX, kí ẹ sọ iye báìtì nínú CX.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, int 0x80 ni mo ń lò lórí Linux, ó sì ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbé lẹ́tà náà sórí stack (àyè ìgbà díẹ̀ nínú mẹ́mórì) dípò .data (apá dátà) ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò kọ nǹkan kan, kò sì kú. Kí ló dé?

    push 0x41
    mov eax, 4
    mov ebx, 1
    mov rcx, rsp
    mov edx, 1
    int 0x80

Ìdáhùn: Nínú gbogbo ìṣòro orí ìwé yìí, èyí ló máa ń fàkókò ẹni ṣòfò jù, torí kò pariwo.

int 0x80 ni ẹnu ọ̀nà àwọn prógíráàmù 32-bit. Kernel 64-bit ṣì máa ń gbà á lọ́wọ́ yín, àmọ́ ìlànà 32-bit ló máa fi dá yín lóhùn: ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa wò, á ju bit 32 ti òkè nù. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà ní .data, tó jẹ́ pé ld lásán lẹ fi so faìlì náà pọ̀, adírẹ́sì rẹ̀ kì í ju bíi 0x402000 lọ. Ó kéré, kò sí ohun tí wọ́n máa gé kúrò. Stack ti lọ jìnnà, adírẹ́sì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi 0x7ffd. Bí wọ́n bá gé òkè rẹ̀ dànù, ohun tó kù kò júwe ibì kankan tó jẹ́ tiyín. Kernel rí i, kò pa yín, ó kàn fi -14 sínú eax, èyí tí wọ́n ń pè ní EFAULT: adírẹ́sì yìí kò dáa. Ẹ ò wo eax, ẹ sì kọjá lọ.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ẹlòmíì á da kóòdù yín kọ tán, á fi gcc (kọ̀m̀páílà C) so ó pọ̀, ti .data gan-an á sì kọ̀ fún un. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, gcc máa ń gbé prógíráàmù sí adírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ bíi 0x55, èyí náà sì ga ju 32-bit lọ.

Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ lè kọ 32-bit pátápátá, pẹ̀lú `nasm -f elf32` àti `ld -m elf_i386`, int 0x80 á sì dára fún un. Bí 64-bit lẹ bá ń kọ, syscall ni.

Ìbéèrè: Mo gba ìmọ̀ràn. Mo yọ int 0x80, mo fi syscall rọ́pò rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó tún wá ń kú ní ìparí.

Ìdáhùn: Nọ́ńbà iṣẹ́ lẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Lọ́dọ̀ int 0x80, write ni 4, exit ni 1. Lọ́dọ̀ syscall, write ni 1, exit ni 60, iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ stat ló sì ni 4. Àwọn rẹ́jísítà náà ti yí: ebx, ecx, edx, esi, edi, ebp lọ́hùn-ún, rdi, rsi, rdx, r10, r8, r9 níhìn-ín.

Nítorí náà, ohun tí ẹ pè ní "kọ ọ̀rọ̀ yìí", kernel gbọ́ ọ bíi "ẹ wo faìlì yìí fún mi", faìlì kò sì ní orúkọ. Ohun tí ẹ pè ní "mo ti ṣe tán", ó gbọ́ ọ bíi "kọ ọ̀rọ̀ tó wà ní adírẹ́sì òdo". Kò rí nǹkan kan kọ níbẹ̀, ó dá yín padà pẹ̀lú àṣìṣe, CPU sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ kọjá ìlà tí ẹ kọ kẹ́yìn, síbi tí kò sí kóòdù kankan mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ ìràwọ̀ márùn-ún jáde. Mo fi 5 sínú rcx, mo pe write pẹ̀lú syscall, mo fi `loop` dá a padà. Kò dúró mọ́, ìràwọ̀ ti kún ojú kọ̀ǹpútà.

Ìdáhùn: syscall ló gba rcx mọ́ yín lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú CPU nìyẹn: adírẹ́sì tó máa padà sí ló máa ń tọ́jú sínú rcx, á sì tọ́jú àwọn flag (àwọn àmì ipò CPU) sínú r11. 5 yín ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́, gbogbo ìpè tó tẹ̀ lé e sì ń gbé e padà síbẹ̀. Ẹ ka iye sínú rbx tàbí r12, ẹ lo `dec` àti `jnz`.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí "Ẹ káàárọ̀" mi fi ń gé láàárín? Lẹ́tà 7 ni, pẹ̀lú àyè kan, mo sì fi 8 sínú edx. "Ẹ ká" ló ń kọ, pẹ̀lú àmì ìbéèrè dúdú kan.

Ìdáhùn: Báìtì ni write ń kà, kì í ka lẹ́tà. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí Linux ń gbà sọ lẹ́tà di báìtì, Ẹ gba báìtì 3, àyè gba 1, k gba 1, á gba 2. Méje nìyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ jẹ́ ìdajì à, ìdajì yẹn ló di àmì dúdú. ọ̀ tó wà níparí nìkan gba báìtì 5, mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17, bó bá jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù yín ń kọ á àti à ní ẹyọ kan; bó bá ń kọ àmì ohùn lọ́tọ̀, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fọwọ́ kà á. Ẹ jẹ́ kí NASM kà á pẹ̀lú `equ $ - oro` bí mo ṣe ṣe lókè.

Ní DOS, ẹ ò tiẹ̀ ní dé ibẹ̀. Nínú àwọn lẹ́tà tí PC ti Amẹ́ríkà bá wá, èyí tí wọ́n ń pè ní 437, á, à, é, è àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ, ọ àti ṣ kò sí. "Ilé" máa jáde dáadáa, "ọ̀nà" kò ní jáde.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo int 21h nínú boot sector (báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísíìkì, tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà bó bá ń tan)?

Ìdáhùn: Rárá, DOS kò tíì dé nígbà yẹn. BIOS, prógíráàmù tó bá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá, nìkan ló wà: int 10h pẹ̀lú AH=0Eh fún kíkọ lẹ́tà, int 16h fún kíbọ́ọ̀dù. Ẹ rántí 55 AA ní ìparí báìtì 512 náà.

Ìbéèrè: Faìlì kan náà, int 0x80 ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lórí Linux tèmi, ó kú lórí Ubuntu inú Windows ọ̀rẹ́ mi.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ WSL 1, irú àkọ́kọ́ nínú Linux inú Windows, ló ń lò. Kò sí kernel Linux gidi nínú rẹ̀, kò sì mọ int 0x80 rárá. Kó yí i sí WSL 2, tàbí kí ẹ fi syscall kọ ọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí kernel sọ, kí n má máa méfò?

Ìdáhùn: Ẹ kọ `strace ./prog`. Ìpè kọ̀ọ̀kan á jáde ní ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, bíi `stat(NULL, NULL) = -1 EFAULT (Bad address)`. Nínú ti ẹni tó yí int 0x80 sí syscall lókè yẹn, ìlà yìí gan-an lẹ máa rí níbi tí ẹ ti ń retí write. Ìlà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá rí int 0x80 nínú prógíráàmù 64-bit, ó tún máa ń sọ fún yín pé prógíráàmù náà ti bọ́ sí 32-bit. Nínú kóòdù yín, ẹ wo rax lẹ́yìn ìpè: iye tó bá wà láàárín -4095 sí -1, àṣìṣe ni.

DOS kì í lo iye òdì, carry flag ló máa ń gbé sókè. Ẹ fi `jc` sí abẹ́ ìpè tó bá kan faìlì, kí ẹ wá wo AX. 2 ni pé kò rí faìlì, 5 ni pé wọn ò gbà yín láyè. Ẹ sì ṣọ́ra: orúkọ faìlì fún AH=3Dh, báìtì òdo ló ń parí rẹ̀. Ẹni tí 09h ti mọ́ lára á fi '$' parí rẹ̀, DOS á sì máa wá faìlì tí '$' wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fi gcc so prógíráàmù mi pọ̀ kí n lè lo printf ti C, mo sì fi syscall 60 parí rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ń jáde. Bí mo bá darí rẹ̀ sínú faìlì, òfo ni.

Ìdáhùn: printf kì í bá kernel sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú àyè kan nínú prógíráàmù yín ló ń kó ọ̀rọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, yóò tú u jáde ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ faìlì, yóò dúró kí àyè náà kún, tàbí kí prógíráàmù parí ní ìlànà. Syscall 60 kì í ṣe ìparí ní ìlànà lójú rẹ̀, kernel pa ilé dé kí printf tó kó ẹrù jáde. Ẹ fi `call exit` parí rẹ̀, tàbí kí ẹ `ret` láti inú main.