Àṣìṣe òfin ọ̀daràn tẹ́ni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ gbé wọ téṣàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, Civil Defence tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, mo mọ̀ pé ẹ ti ń sáré láràárọ̀ kára yín lè le, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin tẹ́ ẹ máa fi mú èèyàn gan-an lọ̀pọ̀ yín ò kà rárá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti gbèsè. Ẹnì kan á wá sí téṣàn, á ní lágbájá yáwó òun kò dá a padà, ọlọ́pàá á gbéra ó di ilé lágbájá, wọ́n á tì í mọ́ sẹ́ẹ̀lì títí tẹ́bí ẹ̀ á fi wá owó yẹn jáde. Ẹ má dán an wò o. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán, kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn wà lọ́tọ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé tí lágbájá bá ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀ tóun ń tà kì í ṣe tòun, tó wá parọ́ gbowó, jìbìtì nìyẹn, ó ti dọ̀ràn. Olè jíjà náà rí bẹ́ẹ̀, nínú ìwé òfin ọ̀daràn tá à ń lò ní Gúúsù, kéèyàn gbé nǹkan oní-nǹkan nìkan ò tó, èrò burúkú gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn ẹ̀, bíi kó fẹ́ gba nǹkan náà lọ́wọ́ ẹni tó ni í pátápátá. Ẹni tó ṣèèṣì mú fóònù ẹlòmíì torí ó jọ tiẹ̀, ìyẹn ò jalè. Torí náà ẹ wádìí ohun tó ṣe, kẹ́ ẹ tún wádìí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ́rìí fún méjèèjì.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tó bá burú lójú yín lọ̀ràn. Nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi lọ́dún 1961, kóòtù kékeré dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó ṣe panṣágà, ilé ẹjọ́ gíga dà á nù torí kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó sọ ọ́ dọ̀ràn. Ẹ̀sùn rírìn gbéregbère náà, òfin ti fagi lé e látọdún 1989.

Ọmọ sá lọ, ẹ wá mú ìyá ẹ̀? Òfin ò gbà á, kò sí àwáwí kankan.

Ti lílu afurasí kó lè jẹ́wọ́ wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé bí iṣẹ́ ṣe ń yá nìyẹn, irọ́ ni jàre, ẹ fọwọ́ ara yín ba kéèsì jẹ́ nìyẹn, torí òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí adájọ́ da ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fipá gbà nù, ẹni tó jalè lóòótọ́ sì lè tibẹ̀ lọ sílé ẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni, ti 2017, lè fi ẹni tó lù ú sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25, tí afurasí bá sì kú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: "ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é" ò lè gbà yín sílẹ̀, òfin yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti àkókò. Láàárín wákàtí 24, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ mú èèyàn fún un, ní kíkọ sílẹ̀, lédè tó gbọ́. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni ìwé òfin Nàìjíríà fún yín láti gbé e débẹ̀, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá gbà pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wá sọ pé òpin ọ̀sẹ̀ ni, kóòtù ò jókòó, tí ẹ̀sùn náà kì í bá ṣe èyí tí ìjìyà ẹ̀ jẹ́ ikú, ọlọ́pàá lè fún un ní béèlì. Béèlì yẹn ò sì gba kọ́bọ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ọ̀pọ̀ téṣàn.