Bí Tọkọtaya Tó Ń Gbé Lókè Òkun Ṣe Lè Fi Òpin Ọ̀sẹ̀ Ṣọjọ́ Ìbí

Nílé, èèyàn púpọ̀ ló ń pín iṣẹ́ ọjọ́ ìbí ṣe. Ẹnìkan á lọ gbé kéèkì, ẹlòmíràn á kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, àbúrò kan á máa ya fọ́tò, ìyá á sì ti fi àdúrà jí ọlọ́jọ́ ìbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Lókè òkun, ọkọ tàbí aya nìkan ló máa dúró fún gbogbo wọn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹni náà á fẹ́ dá ṣe ohun tí odidi agboolé ń ṣe. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọlọ́jọ́ ìbí náà ò sì rí i bá jókòó. Lójú tèmi, nǹkan ńlá kan ṣoṣo ti tó fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ yan nǹkan náà, kẹ́ ẹ sì fi ààlà sí gbogbo ìyókù. Fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ààlà sí.

1. Ẹ béèrè ìbéèrè tó lójú

"Kí lo fẹ́ ká ṣe?" kì í mú èsì gidi wá. "Ohunkóhun tó bá ti wù ẹ́ náà ni" lẹ máa gbọ́, ẹni tó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ lè bínú lọ́jọ́ náà pé ẹ ò mọ ohun tí òun fẹ́. Ẹ bi í báyìí: Ṣé èèyàn lo fẹ́ rí, àbí ìsinmi lo fẹ́? Ṣé ká kúrò nílùú yìí, àbí ká jókòó sílé? Kí ni ohun náà tínú ẹ ò ní dùn tí kò bá wáyé?

Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí nǹkan kékeré ló sábà máa ń mú jáde. Ẹnìkan á ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun sùn títí aago mẹ́wàá. Ẹlòmíràn á ní òun ò fẹ́ fọ abọ́ kankan láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí gbogbo ètò yòókù bá tiẹ̀ fọ́, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ fọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan ní bòńkẹ́lẹ́ kó lè yà á lẹ́nu, ẹ fi mọ sórí ẹ̀bùn tàbí ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun. Ìrìn àjò ò ṣeé fi pa mọ́ fún ẹni tó gbọ́dọ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání. Ẹ má sì lọ kó èèyàn mẹ́wàá pa mọ́ dè é nígbà tó ti sọ pé ìsinmi lòun fẹ́. (Níbo ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ sá pa mọ́ sí nínú fúláàtì oníyàrá kan?)

2. Ẹ fẹnu kò lórí ọjọ́

Bí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, èwo lẹ máa lò: òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni, àbí èyí tó tẹ̀ lé e? Èmi fara mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ á ti rọlẹ̀ nígbà yẹn, ọlọ́jọ́ ìbí á sì ti di tiyín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà gan-an lọ lófo. Àbẹ́là kan lórí kéèkì kékeré kẹ́ ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ti tó.

Ẹ rántí pé òpin ọ̀sẹ̀ yín lè má jẹ́ ti àwọn ará ilé. Ní Saudi Arabia, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni. Ní United Arab Emirates, láti January 2022 nìjọba ti sún un sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó mọ̀ pé Àbámẹ́ta lè jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tó le jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè béèrè ọjọ́ kí wọ́n tó gbé ètò iṣẹ́ oṣù náà jáde. Bí àyè yín ò bá bára mu rárá, ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di òpin ọ̀sẹ̀ tiyín. Èrò kì í pọ̀ lọ́nà nígbà yẹn, yàrá òtẹ́ẹ̀lì sì sábà máa ń rọjú.

3. Bẹ́ ẹ bá máa rìnrìn àjò, ìwé méjì lẹ máa yẹ̀ wò

Ìwé tó gba ọkọ lè má gba aya. Ìwé ìrìnnà ẹnìkan lè jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí àwọn ará ibẹ̀ kì í nílò físà, kí tẹnìkejì sì nílò rẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa parí àti ibi tí wọ́n lè wọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé ní ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà fún ìbẹ̀wò, tẹ́ ẹ sì ní káàdì ìgbélùú ibẹ̀, ẹ lè ṣèbẹ̀wò sáwọn yòókù fún ọjọ́ tí kò ju 90 lọ láàárín 180 ọjọ́. Ireland ò sí nínú Schengen, United Kingdom náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tí káàdì Ireland nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè torí ẹ̀ gba Dublin lọ sí Paris bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá nílò físà. Èyí tó burú jù ni kéèyàn rìnrìn àjò nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba fún àtúnṣe. Ní United Kingdom, bẹ́ ẹ bá ti béèrè pé kí wọ́n fi kún àkókò yín, tẹ́ ẹ wá jáde nílẹ̀ náà kí èsì tó dé, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ẹ ti fagi lé ìbéèrè náà fúnra yín. Ọjọ́ ìbí kankan ò tó ìyẹn. Ẹ wá ìlú kan tí rélùwéè dé láàárín orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà.

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ni, ẹ má tíì fi bébà ẹ̀bùn wé ohunkóhun, torí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lè ní kẹ́ ẹ tú u. Kéèkì gbígbẹ kì í níṣòro. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ìpara orí kéèkì tó wà nínú ike lọ́tọ̀ jẹ́ ohun olómi lójú wọn, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 ml lọ nínú báàgì ọwọ́. Ẹ gbàgbé àwọn àbẹ́là tó ń ta iná ṣàràṣàrà: wọn ò gbà wọ́n nínú báàgì èyíkéyìí.

4. Ẹ fi àkókò sí ìpè ilé

Màá pẹ́ díẹ̀ níbí, torí fóònù ló ń jẹ ọjọ́ ìbí òkè òkun run. Láti aago méjìlá òru ni ìpè ti ń wọlé. Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́jọ́ ìbí ti sọ ìtàn kan náà fún èèyàn mẹ́jọ, ẹnìkejì rẹ̀ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàtà lẹ́sẹ̀, tó ń retí ìgbà tí wọ́n máa jáde.

Ẹ fojú inú wo tọkọtaya kan tó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀: wọ́n fi fóònù ti agolo ṣúgà lórí tábìlì. Ojú mẹ́fà wà nínú rẹ̀, èyí tó tóbi jù sì jẹ́ iwájú orí Bàbá nìkan. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa?" "À ń gbọ́ yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀." Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e sáàárín, gbogbo wọ́n sì ṣàmín sí ìdajì tí wọ́n gbọ́. Oúnjẹ ti tutù. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ má wáyé o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó ní àyè tirẹ̀, kó má sì kọjá àyè.

Ẹnìkejì ni kó ṣètò rẹ̀, kì í ṣe ọlọ́jọ́ ìbí. Kó pe àna rẹ̀ ṣáájú, kó kí i kú oríire ọmọ, kó wá sọ àkókò tí gbogbo ẹbí máa pàdé lórí fóònù. Ìpè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe fún gbogbo wọn. WhatsApp ń gba èèyàn 32 lórí ìpè fídíò kan. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, Google Meet ọ̀fẹ́ sì máa ń já lẹ́yìn 60 ìṣẹ́jú bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta. Èmi fẹ́ràn èyí tó ń já fúnra rẹ̀: kò sẹ́bí tó máa ní ẹ lé òun.

Ẹ kọ àkókò náà ní aago ibi méjèèjì, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọjọ́ mọ́ ọn, torí ọjọ́ lè yàtọ̀. Nígbà tí aago méjìlá òru bá lù ní Sydney nínú oṣù January, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣì ni ní Toronto. Tó bá di July, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ohun tó fà á ni pé ìlú méjèèjì ń yí aago wọn, wọn ò sì yí i sí ọ̀nà kan náà. Ẹ ṣọ́ra gan-an bí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí March: ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń yí aago lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì dúró di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn. Láàárín ìgbà méjèèjì, wákàtí tẹ́ ẹ ti mọ̀ lórí á fi ẹyọ kan yẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà kì í yí aago rárá.

Bí ìpè bá bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣe tirẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀dọ́ kan tó wà lọ́dọ̀ wọn kó bá wọn di fóònù mú. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn fóònù, kẹ́ ẹ gbà á láyè pé kí ìpè èèyàn kan tàbí méjì nìkan máa dún, bóyá nǹkan pàjáwìrì lè ṣẹlẹ̀. Fóònù ìgbàlódé mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

5. Ọjọ́ Àbámẹ́ta: nǹkan ńlá náà

Oúnjẹ alẹ́ níta, ìrìn ẹsẹ̀ lẹ́bàá omi, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ nílé, ẹ mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ àlejò lẹ máa gbà, àwọn tẹ́ ẹ lè ní kí wọ́n bá yín kó abọ́ ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí oníkálukú gbé nǹkan kan wá. Bí ẹnìkejì bá lo gbogbo ọjọ́ nídìí ààrò, ta ló wá bá ọlọ́jọ́ ìbí ṣe é? Ẹ sọ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé ṣáájú pé ariwo díẹ̀ lè wà. Ní Jámánì, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń retí kí ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, torí náà ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò lọ́jọ́ kejì, Àbámẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ yà á kẹ́ ẹ tó jẹun, níwájú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù tì.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fún tọkọtaya tuntun. Láàárín ayẹyẹ náà, bóyá lẹ́yìn tí ìpè ilé bá parí, ojú ọlọ́jọ́ ìbí lè ṣàdédé yí padà. Ó lè lọ sí yàrá, kó lọ sunkún. Ẹ má bi í pé, "Ṣé gbogbo ohun tí mo ṣe yìí ò tó ni?" Kì í ṣe ẹ̀bùn yín ló kéré. Àwọn tó ń pè é ni àárò wọn ń sọ ọ́. Ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọjọ́ ìbí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Bí wákàtí kan bá lọ síbẹ̀, kó lọ. Ẹ lè sún oúnjẹ síwájú, tàbí kẹ́ ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì pé ẹ máa pẹ́ díẹ̀.

6. Ọjọ́ Àìkú

Ẹ má fi ohunkóhun sí i. Ẹ sùn, ẹ jẹ kéèkì tó ṣẹ́ kù, ẹ tú ẹ̀bùn tó kù. Bí ẹnìkan bá fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn tí àwọn aṣọ́bodè sì ní kẹ́ ẹ sanwó orí kó tó jáde, ẹnìkejì ni kó san án, kó má sọ ọ́ létí ọlọ́jọ́ ìbí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹra fún un lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ní kí àwọn ará ilé máa ra ẹ̀bùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lórílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ń gbé.

Ìdúpẹ́ ló kù. Fún àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́, ohùn kan tẹ́ ẹ jọ gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò méjì mẹ́ta, ti tó. Àwọn àgbà yàtọ̀. Ẹ pe ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó gbé yín lọ, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé àdúrà rẹ̀.