Bí a ṣe ń lo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti wá àrùn Alzheimer

Nígbà tí ìyá tàbí bàbá bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tí ó sì ń ṣìnà ní àdúgbò tí ó ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, kí ẹ tó ronú kan àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wá àrùn Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tí ń ba ìrántí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti rí sílẹ̀: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀ ni ó ń le sí i tàbí òjijì ni ó dé, iṣẹ́ tí àgbà náà máa ń dá ṣe tẹ́lẹ̀ tí ó ti di ìṣòro fún un, àti gbogbo oògùn tí ó ń lò, títí kan àgbo àti oògùn oorun.

Dókítà yóò fi ìbéèrè dán ìrántí rẹ̀ wò, yóò sì wá àwọn ohun mìíràn tí ó lè mú kí ènìyàn máa ṣe bí ẹni tí ń ṣàrán. Àìtó fítámì B12, ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn tí kò bá ara mu wà lára wọn. Ẹ má ṣe fo ìpele yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbóògùn, yóò sì dùn mí gidigidi bí ìdílé kan bá ń sunkún nítorí Alzheimer nígbà tí ó jẹ́ pé fítámì ni ara àgbà náà ń fẹ́.

Nínú Alzheimer, pùrótéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid máa ń ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, òmíràn tí ń jẹ́ tau a sì máa lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí amyloid bá ṣe ń pọ̀ nínú ọpọlọ ni irú tau kan, p-tau217, ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, àwòrán inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní PET, tí ó wọ́n gógó, tàbí omi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà láti ọ̀pá ẹ̀yìn, ni wọ́n fi ń mọ èyí nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àyẹ̀wò Lumipulse ti ilé iṣẹ́ Fujirebio, tí ó ń fi p-tau217 wé beta-amyloid 42, fún ẹni ọdún 55 sókè tí àmì àrùn ti hàn lára rẹ̀. Nínú ìwádìí lórí ènìyàn 499, ìdá 91.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àyẹ̀wò náà sọ pé wọ́n ní amyloid nínú ọpọlọ ni PET tàbí omi ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́rìí sí. Láàárín àwọn tí ó sọ pé wọn kò ní, ìdá 97.3 ni ó bá a mu.

Apá ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ béèrè bóyá ilé àyẹ̀wò lè tètè ya omi ara ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n sì sọ ọ́ di yìnyín, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, iye pùrótéènì inú rẹ̀ lè yí padà. Ẹ sọ fún dókítà bí kíndìnrín àgbà náà kò bá dára, torí pé àìsàn kíndìnrín lè gbé p-tau ga láìsí Alzheimer. Ara sísanra jù sì lè fà á wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìran tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé Alzheimer ń mú àwọn àgbà Yorùbá tí ó ti pé ọdún 65 ní ìwọ̀n 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Lára àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwádìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí, nítorí náà, mo rọ̀ yín pé kí ẹ ní kí dókítà tí ó mọ àrùn ọpọlọ ka èsì náà fún yín.

Bí èsì bá sọ pé kò sí, ẹ máa wá ohun mìíràn tí ó fa ìgbàgbé náà. Bí ó bá bọ́ sí àárín, tí kò sọ pé ó wà tàbí kò sí, PET tàbí omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò là á. Bí ó bá sọ pé ó wà, amyloid ni ó rí. Àgbà tí orí rẹ̀ pé ṣáṣá náà lè ní i, ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹni tí kò ní àmì kankan níyànjú láti ṣe é. Ẹ wá béèrè bóyá àìsàn náà ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ìpele yẹn ni àwọn oògùn lecanemab àti donanemab wà fún. Wọn kì í wo àrùn náà sàn, wọ́n kàn ń dín bí ó ṣe ń yára le sí i kù díẹ̀ ni, àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MRI sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé wọn nítorí pé wọ́n lè mú ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀.